Pàǹtí Gbalasa Òfurufú: Ohun Tí Ó Jẹ́ àti Bí A Ṣe Lè Ṣàlàyé Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

1. Ìdí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé: «Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.» A ń pa òwe yìí nígbà tí ẹni méjì bá ń du ohun kan náà, kí wọn ó lè mọ̀ pé àyè gba àwọn méjèèjì. Ní ti ẹyẹ, òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ní ojú tí ó fi ń ríran, ó sì ní ìyẹ́ tí ó fi ń yà. Láti ọdún 1957 ni ọmọ aráyé ti ń gbé ohun tí kò ní ojú, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì lè yà, lọ sí òkè. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2009, méjì nínú wọn pàdé lókè ilẹ̀ Sìbéríà, ní ibi tí ó ga tó nǹkan bí 790 kìlómítà sí ilẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Iridium ti Amẹ́ríkà, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tẹlifóònù lọ́wọ́. Èkejì, Cosmos 2251 ti Rọ́ṣíà, ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè darí rẹ̀ mọ́. Àwọn méjèèjì fọ́ túútúú, àfọ́kù wọn tí ẹ̀rọ lè tọ ipa rẹ̀ sì lé ní 2,000.

Ọ̀rọ̀ irú àfọ́kù bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìdí méjì ni ó mú wa rò pé ó yẹ kí ìwé tí ó wà fún ẹ̀kọ́ èdè dá sí i. Ìkíní ni pé iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ òkè yìí ń ṣe ti wọ ilé wa. Ìròyìn ojú ọjọ́ tí àgbẹ̀ ń gbọ́ lórí rédíò, ẹ̀rọ kékeré tí apẹja fi ń mọ ibi tí ó wà lójú òkun, íntánẹ́ẹ̀tì tí Starlink bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Nàìjíríà àti ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2023, òkè ni gbogbo wọn ti ń rí agbára wọn. Ìdí kejì ni pé àwọn àfọ́kù náà a máa já bọ́, wọ́n sì ti já bọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí irin àjèjì já bọ́ sí oko rẹ̀ yóò bi olùkọ́ abúlé rẹ̀ léèrè kí ó tó rí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Faransé nìkan ni ó wà lẹ́nu olùkọ́ náà, ìdáhùn rẹ̀ kò ní dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an, ó yẹ kí a fi ìdí ọ̀rọ̀ mẹ́rin múlẹ̀.

(a) Gbalasa òfurufú. Òfurufú ni ibi tí ẹyẹ àti ọkọ̀ òfurufú ń fò, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Òkè rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ni a ó máa pè ní gbalasa òfurufú, tàbí gbalasa ní kúkúrú. Kò dára kí a pe ibẹ̀ ní «ọ̀run» lásán. Ọ̀run ni ilé àwọn baba ńlá wa. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìjọba kan kó irin lọ sí ọ̀run lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mìíràn.

(b) Sátẹ́láìtì. Ọ̀rọ̀ àyálò ni. Ìpè àwọn tí ó ti inú Faransé gbọ́ ọ yàtọ̀ díẹ̀ sí ìpè àwọn ará Nàìjíríà, ṣùgbọ́n a gba àkọsílẹ̀ yìí nítorí pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé. «Òṣùpá àtọwọ́dá» dára gẹ́gẹ́ bí àlàyé, nítorí pé òṣùpá náà ń yí ayé po. «Ìràwọ̀ tí ń rìn», tí àwọn kan fi ń pe ohun tí wọ́n rí lálẹ́, kò dára tó bẹ́ẹ̀: ìràwọ̀ ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó bà lé ara sátẹ́láìtì ni a ń rí.

(d) Ọ̀nà ìyípo. Èyí ni ọ̀nà tí sátẹ́láìtì ń tọ̀ bí ó ti ń yí ayé po. Kò sí ohun kan tí a là tàbí tí a tẹ́ síbẹ̀. Ìrìn ohun náà gan-an ni ọ̀nà rẹ̀.

(e) Pàǹtí gbalasa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a gbé yẹ̀ wò. «Àlòkù» kò tọ́, nítorí pé ẹlòmíràn ṣì lè ra àlòkù kí ó sì lò ó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè lo ohun tí a ń wí yìí. «Àfọ́kù» tọ́ fún èérún tí ó ti ara ohun kan fọ́, ṣùgbọ́n kò kan sátẹ́láìtì tí ó kú tí ó ṣì wà lódindi. «Pàǹtí» gba gbogbo wọn: odindi, èérún, ńlá àti kékeré, bí kò bá ti wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sì gbé ìbéèrè kan dání tí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò gbé: níbi tí pàǹtí bá wà, ta ni yóò gbá a?

3. Ohun tí ó mú un dúró lókè

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: kí ni ó dé tí kò fi já bọ́? Olùkọ́ lè dáhùn báyìí. Bí a bá sọ òkúta síwájú, yóò lọ díẹ̀, yóò sì bọ́ sílẹ̀. Bí a bá fi agbára kún un, yóò lọ jìnnà sí i kí ó tó bọ́. Ilẹ̀ ayé rí roboto. Bí ohun kan bá ń lọ síwájú, ilẹ̀ ń tẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá lè ju òkúta náà láti ibi gíga pẹ̀lú eré tí ó pọ̀ tó, òkúta yóò máa já bọ́, ilẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn méjèèjì kò fi ní pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni sátẹ́láìtì rí: ó ń já bọ́ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kò bá ilẹ̀.

Eré náà kì í ṣe kékeré. Ní àwọn ọ̀nà ìyípo tí kò ga púpọ̀, ó tó nǹkan bí 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Ohun tí ń sá eré bẹ́ẹ̀ yóò ti Kútọnu dé Parakou kí ìṣẹ́jú kan tó pé, yóò sì yí gbogbo ayé po ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú.

Nínú àlàyé yìí ni ohun mẹ́ta ti jáde, tí ó yẹ kí a dì mú nítorí pé orí wọn ni ìyókù ọ̀rọ̀ dúró lé. Ìkíní, sátẹ́láìtì kò nílò epo láti máa yí po. Nítorí náà, bí ó bá kú, kò ní dúró, kò sì ní bọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òkú àti alààyè ń sá eré kan náà. Ìkejì, àwọn ọ̀nà ìyípo kò dojú kọ ibì kan ṣoṣo: àwọn kan ń lọ láti àríwá sí gúúsù, àwọn mìíràn ń lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, wọ́n sì ń dá ara wọn lọ́nà kọjá bí orítameta tí kò ní ọlọ́pàá. Ìkẹta, gíga ni ó ń sọ iye ọdún tí pàǹtí yóò lò. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó kù lókè ni ó ń fa ohun gbogbo sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò ga tó 600 kìlómítà yóò padà wálé láàárín ọdún mélòó kan. Èyí tí ó wà ní 800 kìlómítà lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀. Èyí tí ó ga ju 1,000 kìlómítà lọ lè lo ẹgbẹ̀rún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 35,800 kìlómítà, níbi tí àwọn sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà, kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò fà wọ́n sẹ́yìn rárá.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó dára fún kíláàsì. Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, tí Ìjọba Sófíẹ́tì gbé lọ sókè ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1957, ti jóná nínú afẹ́fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1958. Ṣùgbọ́n Vanguard 1, tí Amẹ́ríkà gbé lọ ní oṣù Kẹta ọdún 1958, ṣì wà lókè títí di òní. Kò tóbi ju èso òroǹbó ńlá lọ. Láti ọdún 1964 ni kò ti fọhùn mọ́, síbẹ̀ ó ń yí ayé po lọ.

4. Ibi tí pàǹtí náà ti wá

A lè pín orísun pàǹtí gbalasa sí ọ̀nà mẹ́rin.

(a) Àwọn sátẹ́láìtì tí ó kú. Bátìrì wọn ti gbó, tàbí epo ìdarí wọn ti tán, tàbí wọ́n bàjẹ́ kí ọjọ́ wọn tó pé. Nàìjíríà tí ó jẹ́ aládùúgbò wa ní ìpín nínú èyí: NigComSat-1, tí a gbé lọ ní ọdún 2007, dákẹ́ ní ọdún 2008 nítorí ìṣòro iná mànàmáná rẹ̀. Òmíràn, NigComSat-1R, ni a fi rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2011.

(b) Ara rọ́kẹ́ẹ̀tì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó gbé sátẹ́láìtì dókè kì í sábà padà wálé ní odindi. Apá kan rẹ̀ sábà máa ń kù sí ọ̀nà ìyípo.

(d) Ìbúgbàmù. Epo tí ó kù sínú irú rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lè gbaná lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ tàbí ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1961, nígbà tí apá kan rọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà bú gbàmù, tí ó sì di nǹkan bí 300 èérún. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn oníṣẹ́ pé kí wọn ó da epo tí ó ṣẹ́kù nù kí wọn ó tó fi ohun náà sílẹ̀.

(e) Ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ fọ́. Àwọn ìjọba ńláńlá ti yìnbọn sí sátẹ́láìtì tiwọn láti fi agbára wọn hàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2007, Ṣáínà fọ́ Fengyun-1C, sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ rẹ̀ kan tí ó ti gbó, ní ibi tí ó ga ju 800 kìlómítà lọ. Àfọ́kù tí a lè tọ ipa rẹ̀ lé ní 3,000, gíga tí wọ́n sì wà kò jẹ́ kí wọn ó tètè bọ́. Íńdíà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2019, ní ibi tí kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Rọ́ṣíà fọ́ Cosmos 1408, tí ó di èérún bí 1,500. Ènìyàn méje tí ń gbé inú ibùdó àgbáyé tí ó wà ní gbalasa ní láti sá wọ inú ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà wálé bí ewu bá dé. Àwọn ọmọ Rọ́ṣíà wà nínú àwọn méje náà.

5. Ewu tí ó wà níbẹ̀

Bí ohun méjì bá ń sá irú eré tí a wí lókè yìí tí wọ́n sì kọlu ara wọn, ìtóbi wọn kò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ní ọdún 1983, ẹ̀fọ́ ọ̀dà kékeré kan, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, lu fèrèsé ọkọ̀ gbalasa Challenger ti Amẹ́ríkà ní kòtò, tí wọ́n fi ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀fọ́ ọ̀dà bá lè ṣe èyí, kí ni irin tí ó tó ìkúùkù yóò ṣe?

Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ Cerise. Sátẹ́láìtì kékeré ti àwọn ológun Faransé ni. Ní oṣù Keje ọdún 1996, àfọ́kù kan dá ọ̀pá gígùn tí ó mú un dúró ṣinṣin ní méjì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí, wọ́n rí i pé àfọ́kù náà ti ara rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane wá, èyí tí ó bú gbàmù lókè ní oṣù Kọkànlá ọdún 1986. Ọ̀dọ̀ Yúróòpù, tí Faransé jẹ́ aṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ni Ariane ti wá. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Níhìn-ín, ọdún mẹ́wàá ni eérú fi rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dà á.

Nínú ìṣirò tí Àjọ Gbalasa Yúróòpù (ESA) gbé jáde ní ọdún 2025, nǹkan bí 40,000 ohun ni àwọn ẹ̀rọ rédà ń tọ ipa wọn lókè. Bí 11,000 nínú wọn nìkan ni sátẹ́láìtì tí ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n rédà kò rí gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ó tóbi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè sọ sátẹ́láìtì di òkú, ni àjọ náà ṣírò pé wọ́n lé ní 1,200,000.

Ewu tí ó jinlẹ̀ jù kọ́ ni ti ìkọlù kan ṣoṣo. Ní ọdún 1978, Donald Kessler àti Burton Cour-Palais, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, fi ìṣirò hàn pé bí ohun tí ó wà ní ọ̀nà ìyípo bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, ìkọlù kan yóò bí èérún, èérún yóò bí ìkọlù mìíràn, títí tí pàǹtí yóò fi máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ gbé ohun tuntun lọ mọ́. Ẹni tí ó ti rí iná pápá nígbà ọyẹ́ yóò mọ ohun tí a ń wí: lẹ́yìn ìgbà tí koríko bá ti gbẹ tó, kò ṣe pàtàkì mọ́ ẹni tí ó ṣá ìṣáná. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé òjò a máa pa iná pápá, koríko a sì tún hù. Ọ̀nà ìyípo tí pàǹtí bá kún kò ní òjò tirẹ̀.

6. Èyí tí ń já bọ́ sílẹ̀

Púpọ̀ nínú ohun tí ó padà wálé ni ó ń jóná nínú afẹ́fẹ́, èyí tí ó kù sì sábà ń bọ́ sínú òkun, nítorí pé omi ni ó bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1978, Cosmos 954 ti Ìjọba Sófíẹ́tì, tí ó ní ẹ̀rọ agbára átọ́míìkì nínú, já bọ́ sí àríwá Kánádà, ó sì fọ́n ohun olóró ká lórí ilẹ̀ tí ó gbòòrò. Ní oṣù Keje ọdún 1979, ilé gbalasa Skylab ti Amẹ́ríkà já bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti gba tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan ti Ṣáínà padà wọ afẹ́fẹ́ láìsí ẹni tí ń darí rẹ̀, a sì rí ọ̀pá irin gígùn ní abúlé Mahounou ní Côte d'Ivoire, ní ibi tí ó bá ọ̀nà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbà mu. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2024, òrùka irin ńlá kan já bọ́ sí abúlé Mukuku, ní agbègbè Makueni ní Kẹ́ńyà. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà méjì àbọ̀, ó sì wọ̀n tó 500 kílò. Orí ire ni kò jẹ́ kí ó bá ẹnikẹ́ni.

Èyí ni ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ ti ṣe pàtàkì jù. Nínú abúlé wa, ohun tí ó bá ti òkè bọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fojú kékeré wò. Ẹnì kan lè pè é ní ẹdùn àrá, ẹlòmíràn lè gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, ọmọdé lè fi ṣeré. Ó yẹ kí olùkọ́ lè sọ ohun mẹ́ta ní èdè tí gbogbo ilé yóò gbọ́: kí a má ṣe fọwọ́ kàn án, nítorí pé epo rọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ohun olóró lè wà lára rẹ̀, kí a má ṣe gbé e kúrò níbi tí ó wà, kí a sì tètè sọ fún àwọn aláṣẹ, nítorí pé ó ní olówó, òfin sì wà tí ó de olówó náà.

7. Àwọn òfin tí ó wà

Òfin ìpìlẹ̀ ni Àdéhùn Gbalasa ti ọdún 1967, tí a ṣe lábẹ́ ONU. Ohun mẹ́rin inú rẹ̀ ni ó kàn wá jù. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó lè sọ gbalasa di ilẹ̀ tirẹ̀. Lílò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ fún àǹfààní gbogbo orílẹ̀-èdè, bí ó ti wù kí wọn ó kéré tàbí kí wọn ó tòṣì tó. Ìjọba ni yóò dáhùn fún ohun tí ilé-iṣẹ́ aládàáni orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá ṣe níbẹ̀. Ohun tí orílẹ̀-èdè kan bá sì gbé lọ, tirẹ̀ ni títí láé, ìbáà ti di èérún.

Àdéhùn ti ọdún 1972 sọ ti gbèsè. Bí ohun tí ó já bọ́ bá ba nǹkan jẹ́ lórí ilẹ̀, tàbí bí ó bá kọlu ọkọ̀ òfurufú tí ń fò lọ, ìjọba tí ó gbé e lọ yóò san án, ìbáà jẹ̀bi, ìbáà má jẹ̀bi. Àdéhùn yìí ni Kánádà gbé dìde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Cosmos 954. Ó béèrè owó tí ó lé ní 6,000,000 dọ́là Kánádà. Ní ọdún 1981, Ìjọba Sófíẹ́tì gbà láti san 3,000,000. Ṣùgbọ́n bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀ ní gbalasa fúnra rẹ̀, ẹni tí a ṣe níbi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bi ẹnì kejì hàn kí ó tó gba kọ́bọ̀. Báwo ni a ó ṣe fi ẹ̀bi hàn níbi tí òkú bá kọlu alààyè, tí kò sì sí òfin ìrìnnà tí ó sọ ẹni tí ó yẹ kí ó yà? Àdéhùn ti ọdún 1975 wá pàṣẹ pé kí orílẹ̀-èdè kọ orúkọ ohun tí ó bá gbé lọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ONU.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ pàǹtí kò sí nínú àwọn àdéhùn wọ̀nyí. Ẹ̀yìn wọn ni ó tó di ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2002, àwọn àjọ gbalasa ńláńlá fẹnu kò pé ohun tí ó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà ìyípo ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju 25 ọdún lọ níbẹ̀. ONU gba ìlànà méje lórí pàǹtí ní ọdún 2007. Ní ọdún 2019, ìgbìmọ̀ rẹ̀ tí ń rí sí lílo gbalasa ní àlàáfíà gba ìlànà 21 sí i, lórí bí gbalasa yóò ṣe wúlò fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà wà nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ìlànà ni gbogbo ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe òfin. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí wọn kò ní adájọ́ tí yóò pè é. Agbára òfin kì í wọ inú wọn àfi bí orílẹ̀-èdè kan bá fi wọ́n sínú òfin tirẹ̀. Faransé ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2008. Ní ọdún 2022, àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ 25 ọdún di ọdún márùn-ún fún àwọn sátẹ́láìtì tí ó bá gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2023, ó bu owó ìtanràn 150,000 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ Dish, nítorí pé kò gbé sátẹ́láìtì rẹ̀ kan tí ó gbó dé ibi tí ó ṣèlérí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àjọ náà yóò bu ìtanràn nítorí pàǹtí gbalasa.

8. Ta ni ó ni ọ̀nà ìyípo?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1976, àwọn orílẹ̀-èdè kan tí ìlà ìdajì ayé gba ilẹ̀ wọn kọjá pàdé ní Bogotá ní Kòlóḿbíà. Kọ́ńgò, Sáírè, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà wà níbẹ̀ láti Áfíríkà. Wọ́n ní òrùka ọ̀nà ìyípo tí ó wà ní 35,800 kìlómítà, èyí tí ó wà ní òkè orí wọn gan-an, jẹ́ ọrọ̀ àdáyébá tiwọn. Ayé kò gbà fún wọn, nítorí pé àdéhùn 1967 ti kọ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó mú wọn sọ̀rọ̀ kò parí: bí ẹni tí ó tètè dé bá gba gbogbo àyè tán, kí ni yóò kù fún ẹni tí kò ì tíì ní agbára?

Lónìí, ọ̀nà ìyípo ìsàlẹ̀ ni ìbéèrè náà ti padà wá. Starlink nìkan ní sátẹ́láìtì tí ó ju 7,000 lọ níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn wúlò, àwa náà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pàǹtí jẹ́ ọ̀nà mìíràn láti gba ilẹ̀. Ẹni tí ó bá da ilẹ̀ sí ojúde gbogbo-gbòò kò sọ pé òun ni ó ni ojúde; síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè tẹ́ ẹní síbẹ̀ mọ́. Ààtàn ìlú ní ibi tí a yàn án sí, ó sì ní ọjọ́ tí a ń kó o. Gbalasa kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, bí kò ṣe ìtẹ́ kékeré kan tí ó wà ní nǹkan bí 300 kìlómítà sí òkè òrùka tí a wí yìí, níbi tí a ń gbé àwọn sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n tí ó gbó lọ.

Gbígbá rẹ̀ kò rọrùn. Ní ọdún 2024, ADRAS-J, ọkọ̀ kékeré tí ilé-iṣẹ́ Astroscale ti Jàpáàn ṣe, sún mọ́ ara rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ó ti kú títí ó fi ku nǹkan bí 15 mítà, ó sì yà á ní fọ́tò yíká. Yíyẹ̀ ẹ́ wò nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, kò gbé e. Ti Jàpáàn sì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ìdí nìyí: níwọ̀n bí òfin ti sọ pé pàǹtí ní olówó títí láé, kò sí ẹni tí ó lè gbé pàǹtí ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ọkọ̀ tí ó bá sì lè gbé òkú sátẹ́láìtì lè gbé alààyè, èyí sì ń ba àwọn ológun lẹ́rù. Owó náà kò kéré, kò sì sí òfin tí ó sọ ẹni tí yóò san án.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni a ṣí Àjọ Gbalasa Áfíríkà sílẹ̀ ní Káírò. Bí àwọn orílẹ̀-èdè wa bá fẹ́ kí ohùn wọn wọlé nígbà tí a bá ń sọ ìlànà di òfin, àkókò nìyí. Ẹni tí kò ní pàǹtí púpọ̀ lókè ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ kí ó mọ́ jù lórí bí ó ti yẹ kí a gbá a.

9. Fún ẹ̀yin olùkọ́

A dá a lábàá pé kí ẹ pín ẹ̀kọ́ yìí sí ìpàdé mẹ́ta. Ní ìpàdé kìíní, kí ẹ fi òkúta àti okùn ṣàlàyé ìyípo, kí ẹ sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àwọn ọ̀rọ̀ ìpín kejì sílẹ̀. Ní ìpàdé kejì, kí ẹ ka ìpín kẹfà sókè, kí ẹ sì jẹ́ kí wọn ó sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí irin bá já bọ́ sí oko wọn. Ní ìpàdé kẹta, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí: bí ìlú méjì bá ń pọn omi nínú odò kan, tí ìlú kan ti da pàǹtí sínú rẹ̀ kí èkejì tó dé, ta ni yóò gbá odò náà, ta sì ni yóò san owó rẹ̀? Ìdáhùn wọn yóò ṣe yín ní àǹfààní, nítorí pé ìbéèrè tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ń gbé yẹ̀ wò lọ́dọ̀ ONU kò ju èyí lọ.

Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Ìdàáṣà, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní ilẹ̀ Tógò fún àwọn ohun tí a dárúkọ wọ̀nyí bá yàtọ̀ sí tiwa, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan tí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé ti ń lò ni a ó gbà. Tiwa tí a fi lélẹ̀ níhìn-ín yóò yẹ̀ fún un.